Ìwé ìrántí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì: báwo la ṣe ń kọ ẹjọ́ tí wọn ò tíì rí ìdí rẹ̀?

Akọ̀wé_Ìjàpọ̀

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi Akúrẹ́ ṣe ibùgbé báyìí, ní kí n bá òun kọ ìwé nípa iṣẹ́ òun àti ìgbé ayé òun. Ẹ̀ka tó ń wádìí ìpànìyàn ni bàbá náà ti pẹ́ jù. Nínú gbogbo ẹjọ́ tó ṣe, mẹ́ta ló ká a lára: ọ̀kan ní Oǹdó, méjì ní Akúrẹ́. Gbogbo wọn ṣẹlẹ̀ kí ọdún 2000 tó wọlé, wọn ò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ìkankan nínú wọn.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Bàbá ní ẹni tó fura sí nínú ọ̀kan, ó sì fẹ́ dárúkọ onítọ̀hún gbangba. Àwọn ìwé kan wà nílé rẹ̀: jọ́tà tó fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, fọ́tò, àti ẹ̀dà sitétímẹ́ǹtì bíi mélòó kan. Ọdún ń wọ inú ọdún lẹ́nu rẹ̀ nígbà míì. Ìyá ilé náà sì ti sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ jáde. Yorùbá la fẹ́ fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú iṣẹ́ yìí, báwo ni ká ṣe tò ó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí bàbá gbé ẹnu dákẹ́, torí kò ní dákẹ́.

Lọ́yà_Alágbàká

Ẹ jẹ́ kí n mú ti orúkọ afurasí ṣáájú, torí òun ló lè sọ ìwé di ẹjọ́.

Ẹ̀sùn ìpànìyàn kì í gbó ní Nàìjíríà. Kò sí iye ọdún tó lè kọjá tí ìjọba ò ní lè gbé e lọ sí kóòtù mọ́, ikú sì ni ìyà rẹ̀ lábẹ́ abala 319 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Bí bàbá bá wá kọ ọ́ pé “Lágbájá ló pa á”, ohun méjì ló ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fún Lágbájá láyè láti pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ó tún fún lọ́yà Lágbájá ní ohun ìjà bí wọ́n bá jí ẹjọ́ náà lọ́la: lọ́yà yóò ní ọlọ́pàá ti dá oníbàárà òun lẹ́bi nínú ìwé kí adájọ́ tó gbọ́ ọ, yóò sì bi ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan bóyá ohun tó rí ló ń sọ tàbí ohun tó kà. Yàtọ̀ sí owó gbà-má-bínú, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni ìbanilórúkọjẹ́ fúnra rẹ̀, lábẹ́ abala 373 sí 375. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni, ọdún méjì bí ẹni tó kọ ọ́ bá mọ̀ pé irọ́ ni.

Pípa orúkọ dà nìkan kò tó. Ohun tí kóòtù ń wò ni pé, bí ẹni tó mọ onítọ̀hún bá kà á, ṣé yóò sọ pé “òun mà nìyí”? Bí ẹ bá pè é ní Àlàbá, tí ẹ sì kọ ọ́ pé ó ń ta pákó nítòsí gáréèjì Iléṣà, pé ó tiro, pé ará Ìdànrè ni ìyàwó rẹ̀ kejì, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́, àdúgbò, iye ìyàwó, àbùkù ara, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ yí padà, kí ẹ sì sọ ọ́ níwájú ìwé pé ẹ yí wọn. Ẹ má fọwọ́ kan ọjọ́, aago àti bí ìwádìí ṣe lọ. Bí ẹ bá yí ìyẹn náà, kì í ṣe ìwé ìrántí mọ́, ìtàn àròsọ ni.

Kí bàbá má sì rò pé “ẹlẹ́rìí ló sọ ọ́, èmi kọ́” yóò gba òun sílẹ̀. Lójú òfin, ẹni tó tún ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ tẹ̀ jáde dà bí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ibi tí ọwọ́ yín ti lè tú díẹ̀ ni ohun tí wọ́n sọ ní gbangba kóòtù àti ohun tí adájọ́ kọ sínú ìdájọ́. Ẹ ròyìn ìyẹn bó ṣe rí, láìfì sápá kan, ààbò wà lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń ṣì í. Wọ́n á kọ “kóòtù dá a sílẹ̀” sórí ohun tí kò jọra rárá:

– Adájọ́ dá a láre. Abala 36(9) òfin orílẹ̀-èdè 1999 ní wọn ò lè tún pè é lẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn yẹn mọ́. Kíkọ pé òun náà ló ṣe é léwu jù lọ.

– Kóòtù tú u sílẹ̀ láìdá a láre, bóyá torí ẹlẹ́rìí kò yọjú. Wọ́n ṣì lè tún gbé e lọ.

– Kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ fi abala 211 òfin orílẹ̀-èdè kan náà yọ ọwọ́ ìjọba nínú ẹjọ́. Èyí náà kì í ṣe ìdáláre.

– Fáìlì dé ọ́fíìsì DPP (olùdarí ìpẹ̀jọ́ fún ìjọba ìpínlẹ̀), DPP kọ̀wé padà pé ẹ̀rí kò tó. Èyí ò tilẹ̀ dé kóòtù rí.

Fún ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́. Gbólóhùn kan péré ló ń gbà nínú ìwé, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ tọ́.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ gbé sọ́kàn ju ti orúkọ lọ fúnra rẹ̀: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń fi ohun kan pamọ́ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, ohun tí apànìyàn nìkan ló mọ̀. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe ta okùn, ohun tí wọ́n mú kúrò lára òkú, tàbí ohun tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń jẹ́wọ́ òótọ́ yàtọ̀ sí wèrè tàbí ẹni tí ìyà mú jẹ́wọ́. Bó bá ti wọ inú ìwé, ó ti bàjẹ́ títí láé, torí ẹnikẹ́ni lè kà á kó wá “jẹ́wọ́”. Ẹ bi bàbá léèrè, lórí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, pé kí ni ẹ̀yin fi pamọ́? Kí ó yọ ọ́ pátápátá. Kó má sì fi irọ́ dí àyè rẹ̀. Kó fò ó ni.

Ẹ má rò pé ó ti pẹ́ jù. Ní Kalifọ́níà, ọ̀daràn tó ṣọṣẹ́ láàrin ọdún 1974 sí 1986, Joseph DeAngelo, oṣù Kẹrin 2018 ni wọ́n tó mú un, nípa fífi DNA wá àwọn ìbátan rẹ̀ rí. Ọlọ́pàá ni òun náà tẹ́lẹ̀. Ọdún 2020 ló jẹ́wọ́ ní kóòtù.

Ó ku ti ìwé tó wà nílé. Fáìlì ẹjọ́ àti sitétímẹ́ǹtì kì í ṣe ti bàbá, ti ìjọba ni. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 ka títọ́jú ìwé tí wọ́n bá fi òǹtẹ̀ àṣírí lù, láìgba àṣẹ, mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè dé ọdún 14. Bóyá wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e tàbí wọn ò lù ú, kí lọ́yà bá a kọ lẹ́tà, kí wọ́n fi dá a padà, kí wọ́n gba ìwé pé ó ti dé ọwọ́ wọn. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp kí ẹ tó dá a padà o. Fọ́tò tí ọlọ́pàá yà lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́tò, ẹ lọ ya òpópónà náà bó ṣe rí lónìí.

Ọ̀nà tó mọ́ láti rí ìwé nìyí. Tó bá ti dé kóòtù, ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù, ẹ kọ̀wé béèrè ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ rí i pé òǹtẹ̀, ọjọ́, orúkọ àti ipò ẹni tó fọwọ́ sí i wà níbẹ̀, bí òfin ẹ̀rí 2011 ṣe ní kó rí. Bí kò bá dé kóòtù, ẹ lo òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì, wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ abala tí wọ́n dúró lé. Abala 12 tó dá lórí ìwádìí ọ̀daràn àti 14 tó dá lórí ọ̀rọ̀ ara ẹni ni wọn á sábà mú wá. Ẹ ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sí kóòtù. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń gba “rárá” ni pé gbogbo fáìlì ni wọ́n ń béèrè. Ẹ béèrè ohun kékeré: ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ẹjọ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí DPP, bóyá ẹjọ́ ṣì wà ní ṣíṣí. Ìyẹn náà ló wúlò fún ìwé yín.

Ẹrù_Ìwé

Lọ́yà ti sọ ti òfin. Ti ìrántí ló kù, òun ló sì máa ń ba irú ìwé yìí jẹ́ jù.

Fún ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fa òpó mẹ́rin sórí bébà ńlá: ohun tí bàbá fojú ara rẹ̀ rí, ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un, ohun tó wà nínú ìwé, ohun tó rò. Gbogbo gbólóhùn tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ọ̀kan. Ẹ ó rí i pé òpó kẹrin ló kún jù, àti pé òun ni bàbá ń sọ bí ẹni tó fojú rí i. Kò burú kí òpó kẹrin wọ inú ìwé, bí ó bá ti wọlé gẹ́gẹ́ bí èrò.

Ẹ má jókòó ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù méjì ni kí ẹ fi gba ohùn sílẹ̀, torí ọ̀kan máa ń kú láàrin ọ̀rọ̀. Ohùn wákàtí kan yóò gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti tẹ̀, ti Yorùbá alámì ohùn sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ sọ fáìlì lórúkọ, ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta sí ibi mẹ́ta.

Bí ẹ ó ṣe bi í léèrè: àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Fisher àti Geiselman, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láàrin ọdún 1980 sí 1990 fún bíbi ẹlẹ́rìí léèrè. Ẹ lò ó fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ dá a padà sí ojú ibẹ̀: ṣé òjò rọ̀, òórùn kí ló ń gbọ́, mọ́tò wo ló gbé e débẹ̀? Lẹ́yìn náà kó sọ gbogbo rẹ̀, àní èyí tó rò pé kò wúlò. Kó tún un sọ láti ẹ̀yìn wá síwájú, torí ìyẹn kì í jẹ́ kó fi ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ dí àyè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìkẹrin, kó sọ ohun tí ẹni tó dúró ní ìdàkejì títì ì bá rí. Ẹ má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. “Ṣé alẹ́ ni?” kò dáa, “ìgbà wo ni?” ló dáa.

Ọdún tó ń dàrú, ẹ fi àwọn ohun tí ọjọ́ wọn dájú dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976. Ṣáájú ìyẹn, Ìbàdàn ni olú ìlú wa, nínú ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996, nítorí náà ẹjọ́ Adó-Èkìtì ní 1994, abẹ́ Akúrẹ́ ló wà. Rògbòdìyàn ìbò gómìnà láàrin Ajasin àti Omoboriowo jẹ́ oṣù Kẹjọ 1983, kò sì sí ẹni tó wà ní Akúrẹ́ nígbà náà tí kò mọ̀ bóyá ohun kan ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001. Bí bàbá bá ní afurasí fi fóònù alágbèéká pe ẹnìkan ní Oǹdó ní 1997, ẹ dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀. UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní Oǹdó, ọdún 2015 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Mọ́ṣúárì tí bàbá gbé òkú lọ ní 1992 kò lè jẹ́ ti UNIMED. Zone 17, ẹkùn ọlọ́pàá tó wà ní Akúrẹ́ lónìí, náà kò sí nígbà yẹn. Àṣìṣe bíi ti Zone 17 yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kan tó bá kà á kò ní gba ìyókù gbọ́.

Fún ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ wá Tribune, Sketch àti Daily Times ní ilé-ìkàwé ńlá, àti ti The Hope ní Akúrẹ́ níbí. Ilé àkójọ ìwé orílẹ̀-èdè wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn fún ìwé ìjọba tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n òpó kejì ni ìwé ìròyìn ń bọ́ sí o, kì í ṣe ìkẹta. Ohun tí agbẹnusọ ọlọ́pàá sọ fún akọ̀ròyìn ni ó sábà ń jẹ́, ó sì lè jẹ́ pé bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún agbẹnusọ. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni ẹ ó máa kà sí méjì.

Ọmọ_Ṣàbó

Kí ló dé tí ẹ ò kàn lo lẹ́tà kan? “Ọ̀gbẹ́ni K.” Ìwé ìròyìn ń ṣe é lójoojúmọ́.

Lọ́yà_Alágbàká

Lẹ́tà kan burú ju orúkọ àdàpè lọ. Orúkọ àdàpè ń sọ fún òǹkàwé pé kó má wá a. Lẹ́tà ń sọ pé kó máa wá a. Ní ìlú tó mọ níwọ̀n bíi Oǹdó, wọn á ka gbogbo Kọ́lá àti Káyọ̀dé tó wà ní àdúgbò náà tán, mẹ́rin nínú wọn sì lè gbé yín lọ sí kóòtù.

Akọ̀wé_Ìjàpọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Òpó mẹ́rin yẹn ti ń fa ìjà láàrin èmi àti bàbá, mo sì rò pé ìjà tó dáa ni. Ìbéèrè lórí ìmọ̀ ìwádìí: ó ní ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ẹni tó kú torí oríṣi ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu. Ó ní òkú náà ti kú fún wákàtí mẹ́fà torí ara rẹ̀ ti fi ìwọ̀n mẹ́fà tutù. Àti pé, nínú ẹjọ́ Oǹdó, ètè àti etí tí kò sí lára òkú fi hàn pé àwọn aṣoògùn-owó ni. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Yàrá_Àyẹ̀wò

Ẹ má kọ ìkankan bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ohun tí wọ́n rò nígbà náà nìyẹn, kí ẹ wá fi ìdí tí kò fi dúró tì í.

Oríṣi ẹ̀jẹ̀ A, B, AB àti O lè yọ èèyàn kúrò, kò lè fi èèyàn síbẹ̀. O ló wọ́pọ̀ jù láàrin wa. Bí ẹ̀jẹ̀ ara ṣẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ O, tí olóògbé náà sì jẹ́ O, ohun tí ẹ mọ̀ kò tíì tó nǹkan. Àyẹ̀wò DNA tó lè sọ pé ti ẹnìkan pàtó ni, ọdún 1984 ni Alec Jeffreys ṣàwárí rẹ̀ ní Leicester, 1988 sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá apànìyàn lẹ́bi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọlọ́pàá wa ò ní in lọ́wọ́ lásìkò ẹjọ́ yẹn.

Bí bàbá bá fẹ́ kọ ọ́ pé “wọ́n ṣì lè yẹ ṣẹ́ẹ̀tì náà wò lónìí”, ẹ bi í bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, a gbọ́dọ̀ sá a gbẹ níbi tí oòrùn ò ti pa á, kí a wá fi bébà wé e. Bí wọ́n bá dì í sínú nylon nígbà tó ṣì tutù, omi á há sínú rẹ̀, ebu á hù, kòkòrò àìfojúrí á sì jẹ DNA run, pàápàá nínú ọ̀rinrin tiwa níbí. Ìkejì: ta ló ti fọwọ́ kàn án? Bí kò bá sí ìwé tó tò ó láti ọwọ́ dé ọwọ́, tọjọ́ tọjọ́, èsì tó dáa jù lọ pàápàá lè ṣubú ní kóòtù. Ìkẹta: bí wọ́n bá kó ṣẹ́ẹ̀tì afurasí àti ti olóògbé sínú àpò kan náà, ó ti tán.

Ti wákàtí: òfin “ìwọ̀n kan ní wákàtí kan” inú ìwé àwọn ará ilẹ̀ òtútù ló ti wá. Òkú ń tutù nítorí pé afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ tutù jù ú lọ. Ara alààyè jẹ́ nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius. Bí yàrá bá wà ní 30 tàbí 32, bí ó ti sábà máa ń rí ní Akúrẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìyàtọ̀ náà kéré, òkú á sì falẹ̀ gan-an kó tó tutù. Láti fi ìwọ̀n mẹ́fà sílẹ̀ lè gba àkókò tó pọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ, ó sì lè máà ṣẹlẹ̀ rárá. Gígan òkú, ní tirẹ̀, yíyá ni ooru ń mú un yá: ó tètè dé, ó tètè lọ. Ẹni tó bá fi ìwé òkèèrè ka méjèèjì, wákàtí méjì tó ta kora ni yóò rí. Ẹ wo bí àlíbáì afurasí (ẹ̀rí pé ibòmíì ló wà) ṣe dúró lórí wákàtí yẹn. Bóyá wọ́n ti fi wákàtí tí kò tọ́ yọ ẹni tó tọ́ sílẹ̀.

Ti ètè àti etí ló gbẹgẹ́ jù. Ajá, eku, igún àti ẹja inú odò, ibi tó rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ: ètè, imú, etí, ojú, ojú ara. Ibi tí ẹranko bá ti jẹ ẹ́ lẹ́yìn ikú kì í ṣẹ̀jẹ̀, etí ọgbẹ́ rẹ̀ á sì rí wúruwùru bí ohun tí eyín họ. Ọ̀bẹ ń fi etí ọgbẹ́ tó gún régé sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì gé e nígbà tó ṣì wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ á ti wọ inú ẹran àyíká ọgbẹ́. Dókítà tó yẹ òkú náà wò ló lè sọ èyí. Kí ni ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sọ? Bí kò bá sí ìwé náà, “ètè àti etí kò sí” ni kí ẹ kọ, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn owó ti mú kí àwọn èèyàn lu ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ikú ẹnikẹ́ni pa.

Adérónkẹ́_Òkè-Àró

Ẹ̀yin ọkùnrin ti pa fáìlì tán, kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè ìyá ilé.

Orí tó bá dá lórí ilé nínú irú ìwé yìí sábà máa ń jẹ́ ojú ìwé méjì: “iṣẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè fún ẹbí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi.” Kò sí ẹni tó fẹ́ kà á. Ẹ tò ó mọ́ tiransífà. Ẹ kọ gbogbo ibi tí wọ́n gbé bàbá lọ sílẹ̀ ní ìlà kan, ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ ibi tí ìyá wà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tó ń san owó ilé, yàrá mélòó ní báráàkì. Ẹ ó rí ibi tí ìlà méjì náà ti pínyà. Ibẹ̀ ni ìtàn wà. Ẹ béèrè ohun tó ṣeé fojú rí: oúnjẹ wo ni kò lè jẹ mọ́ lẹ́yìn tó ti mọ́ṣúárì dé? Níbo ló ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí? Ta ló ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn lóru? Ṣé ó mú fáìlì wálé, ta ló sì ń rí i?

Ẹ bá ìyá sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí bàbá má sí níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ohùn tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló máa wà. Ẹ pín ohun tó bá sọ sí mẹ́ta: èyí tó lè jáde, èyí tó lè jáde lẹ́yìn ọjọ́ òun, èyí tí kò ní jáde. Ẹ má bá a jiyàn lórí ìkẹta. Àìsàn rẹ̀, ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ àárín òun àti àwọn àna rẹ̀, òun ló ni àṣẹ. Bí ìrántí òun àti ti bàbá bá yàtọ̀, ẹ tẹ méjèèjì. Ọmọ tó ti dàgbà ni kó fọwọ́ sí ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀, kì í ṣe bàbá rẹ̀.

Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí bàbá náà, ẹ ṣọ́ra. Bébà ni tirẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́, tàbí ti àwọn àrólé rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ, tàbí kí ẹ fi ẹnu yín sọ ohun tó wà níbẹ̀ ní ṣókí.

Ẹbí àwọn tí wọ́n pa kò gbọdọ̀ gbọ́ nípa ìwé náà ní ọjà Ọba. Ẹ lọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n mọ̀, kó má bọ́ sí àyájọ́ ikú náà. Ọ̀dọ̀ ọkọ tàbí aya àti àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, kí ẹ tó lọ bá olórí ẹbí. Ìbátan kan tó ní “kò sí wàhálà” kò tó. Ẹ ka ibi tó kàn wọ́n sókè, kí ẹ má fún wọn ní ìwé nìkan. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ ni pé wọn ò mú ẹnikẹ́ni, torí bí wọ́n bá rí ọlọ́pàá àtijọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí wọ́n máa rò nìyẹn. Ẹ má gbé owó sílẹ̀ níbẹ̀.

Atẹ̀wé_Arákàlé

Ti títẹ̀, kíákíá. Ìwé ọ̀rọ̀ 60,000 ní A5, lẹ́tà ìwọ̀n 11.5 tàbí 12, á tó ojú ìwé 215. Ẹ gbé e dé 224, torí mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni bébà ń ká, kí òfìfo má pọ̀ lẹ́yìn. Bébà inú 80 giramu. 70 ń jẹ́ kí lẹ́tà ẹ̀yìn hàn síwájú. Èèpo ìwé 300 giramu.

Àmì ohùn ló ń dá ìwé Yorùbá rú nílé ìtẹ̀wé. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ kò ní. Àmì tó wà lókè jẹ́ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ tó gùn ún. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n á ju àmì náà sápá kan. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif ń gbé e dáadáa. Kí ẹni méjì má fi kíbọ́ọ̀dù méjì tẹ ìwé kan, torí ọ̀kan lè máa fi àmì tóótó sísàlẹ̀, èkejì ìlà kékeré, ẹ ò sì ní lè wá ọ̀rọ̀ rí mọ́. Ẹ fi àlàfo ìlà 1.3 sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí àmì á gé. PDF ni kí ẹ gbé wá, tó ti gbé fọ́ǹtì sínú. Ẹ má gbé Word wá kí ẹ ní kí àwọn ọmọ wa tún un ṣí nínú Corel, ibẹ̀ ni gbogbo àmì ń kú sí. Kí ẹ tó tẹ ẹyọ kan, ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé kan tó ní Ẹ̀ Ọ́ Ṣ Ǹ ń nínú lẹ́tà ńlá dúdú, torí àkọlé orí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ọ̀dọ̀ ilé-ìkàwé orílẹ̀-èdè ni ẹ ti ń gba ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé), kí ẹ gbà á kí ẹ tó parí èèpo ìwé. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn láàrin oṣù kan tí ìwé bá jáde.

Akọ̀wé_Ìjàpọ̀

Ó ku ẹyọ kan. Bàbá fẹ́ kí n gbé orí kan sórí Facebook ṣáájú, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ìwé ń bọ̀. Èyí tó dá lórí ẹjọ́ Oǹdó ló fẹ́.

Lọ́yà_Alágbàká

Rárá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ní abala 24 tirẹ̀, wọ́n sì ti ń fi mú èèyàn lórí ohun tí wọ́n kọ. Ìwé, ẹ lè dá a dúró nílé ìtẹ̀wé; ohun tó ti gba orí fóònù kọjá, ẹ ò lè pè é padà. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì dárúkọ afurasí tí ẹ̀yin fi pamọ́, lórí ojú ewé tiyín. Ẹ gbé orí tó dá lórí báráàkì síbẹ̀, bí ìyá ilé bá ti gbà.